Kọfí ní Bole: àkọsílẹ̀ alẹ́ kan láàárín bàálù méjì

Ní pápákọ̀ òfurufú Bole ní Addis Ababa ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, lálẹ́, láàárín bàálù tó gbé wa wá láti Èkó àti èyí tí yóò gbé wa lọ sí Guangzhou. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń lọ. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Èkó, ọ̀nà Ethiópíà yìí náà sì ni wọ́n máa ń gbà lọ ra ọjà ní Ṣáínà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ṣe ń ṣe. Ní tèmi, kọfí ni mò ń yan tà ní Ìbàdàn. Gbogbo ìgbà ni àwọn oníbàárà mi ń sọ pé kò sí kọfí gidi ní pápákọ̀ òfurufú, pé kí èèyàn ra èyí tó bá rí, kó gbé e mì, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Mi ò fara mọ́ ọn. Kọfí gidi wà níbẹ̀. Àkókò ni ó ń gbà, ó sì ń gba pé kí èèyàn fojú sílẹ̀ wo ẹni tí yóò ṣe é fún un. Ohun tí ojú wa rí lálẹ́ ọjọ́ náà ni màá fi ṣàlàyé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ara ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń mu kọfí, wọ́n á sì tún mu díẹ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oòrùn bá yẹ àtàrí. Ní ọjọ́ ìrìn àjò wa, kùtùkùtù la jáde nílé nítorí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tó máa ń wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Èkó, kò sì sí àyè kọfí. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ra ife ńlá kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níwájú, wọ́n ní àwọn á máa mu ún bí ìlà bá ṣe ń rìn. Ìlà yẹn yá ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Kọfí náà ṣì ń hó ruku nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò ẹrù, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì nawọ́ sí garawa tí wọ́n ń da omi nù sí. Láti ọdún 2006, tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ bàálù lójú òfurufú, ni ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú lágbàáyé ti ṣòfin pé ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kò gbọdọ̀ kọjá ibi àyẹ̀wò. Kọfí kò rí ojúure gbà nínú òfin yẹn. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù.

Nínú bàálù, lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn òṣìṣẹ́ gbé kọfí wá. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò, ojú wọn le, wọ́n gbé ife náà padà sórí tábìlì kékeré iwájú wọn, wọn ò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́ títí tí wọ́n fi wá palẹ̀ mọ́.

Ìrìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni láti Èkó sí Addis Ababa, aago tiwọn sì fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Ọ̀sán la gbéra, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá nígbà tí a balẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ti iwájú orí, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, pé láti ìgbà tí oúnjẹ ti dé ni, àwọn rò pé ariwo bàálù ni. Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n mu kọfí kẹ́yìn. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ kafíìnì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun, lójoojúmọ́, tí kò bá rí i lọ́jọ́ kan, orí fífọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn ife tó mu kẹ́yìn, ó sì lè bá a fà á di ọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí 24 ti pé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí lára wọn, wọn kò sì lo oògùn kankan tó kọ kọfí. Ká ní ó rí bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní dá a lábàá rárá.

“Ẹ jẹ́ ká wá kọfí mu,” ni mo wí.

“Kọfí wo? Irú tinú bàálù yẹn náà? Àgbẹdọ̀! Ó sàn kí orí yìí máa fọ́ lọ.”

Ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ kí n fẹ́ sọ díẹ̀ nípa kọfí inú bàálù, nítorí àlàyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nípa rẹ̀ kò tọ̀nà. Wọ́n á ní omi kì í gbóná tó lókè, pé ìyẹn ló ń ba kọfí jẹ́. Òótọ́ ni pé bí a bá ṣe ń gòkè tó ni omi ṣe ń yára hó tó. Ṣùgbọ́n ìlú Addis Ababa fúnra rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 2,300 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, omi sì ti ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi ìwọ̀n 92, kò dé 100 tí a mọ̀ ní Èkó. Nínú bàálù Boeing 787, irú èyí tí ó gbé wa lọ sí Guangzhou, wọ́n máa ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀ débi pé ara ẹni tó jókòó síbẹ̀ á máa ṣe é bí ẹni tó wà lórí òkè tó ga tó mítà 1,800. Nínú àwọn bàálù tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ó lè tó 2,400. Ìyẹn ni pé omi inú 787 máa ń gbóná díẹ̀ ju omi ilé Addis lọ kó tó hó, bẹ́ẹ̀ Addis náà ni ìlú tí wọ́n ti ń ṣe kọfí tó dùn jù tí mo tíì mu. Ìgbónà omi kọ́ ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé inú táńkì bàálù ni omi náà ti ń wá. Ìjọba Amẹ́ríkà tilẹ̀ ṣe òfin pàtàkì kan lọ́dún 2009 lórí bí àwọn iléeṣẹ́ bàálù wọn yóò ṣe máa fọ táńkì yẹn tí wọ́n á sì máa yẹ omi rẹ̀ wò. Kọfí inú ọ̀rá tí wọ́n ti lọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń lò, òórùn rẹ̀ ti lọ tán. Afẹ́fẹ́ inú bàálù sì gbẹ hau hau, ó ń gbẹ imú àti ẹnu wa pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì kó àwọn èèyàn sínú ara bàálù kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀, wọ́n dín agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù bó ṣe máa ń rí lókè, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n sì rí i pé iyọ̀ àti ṣúgà kì í hàn lẹ́nu níbẹ̀ tó bó ṣe ń hàn nílẹ̀. Imú tó ti gbẹ kò lè gbọ́ òórùn kọfí, òórùn yẹn sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú adùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ràn kọfí pé kó mu tiẹ̀ nílẹ̀ kó tó wọ bàálù, kó béèrè omi lásán tó bá dókè.

Ó wá ku ìṣirò àkókò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ìkánjú ra kọfí burúkú. Láti ẹ̀yìn ni mo ti ń ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ẹrù wa yẹ̀ wò ní ibi tí àwọn tó ń pààrọ̀ bàálù ń gbà, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni bàálù wa yóò gbéra. Wọ́n máa ń ti géètì ṣáájú ìyẹn, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 15, ó lè jẹ́ 20, nítorí náà ojú aago mọ́kànlá ni mo fi ṣe òpin tí a gbọ́dọ̀ ti wà ní ìjókòó lẹ́bàá géètì. Ẹ yọ ìrìn kúrò níbẹ̀, nítorí Bole ti tóbi gan-an láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ ilé èrò rẹ̀ lójú lọ́dún 2019. Ẹ yọ ilé ìtura kúrò, níbi tí ìlà àwọn obìnrin kì í kéré. Ohun tó kù tó nǹkan bíi wákàtí kan tí a lè fi ṣe kọfí láìsí pé ọkàn wa ń gbọ̀n. Bí kò bá tó ogójì ìṣẹ́jú, ohun mìíràn ni ǹ bá ṣe.

A kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn kan tó ń fi ẹ̀rọ ńlá ṣe kọfí. Èrò pọ̀ níwájú wọn, ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ tò sí ìlà lójú ẹsẹ̀ nítorí wọ́n rí wàrà tó ń hó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀ kí n wò ó. Ohun tí mo máa ń wò kò pọ̀. Mo wo kóró kọfí tó wà nínú ìgò lókè ẹ̀rọ ìlọ̀: ó dúdú kirikiri, ó ń yọ epo dídán. Òróró tó bá ti jáde sára kóró báyìí, bóyá iná ti pọ̀ jù lára rẹ̀ ni, bóyá ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti yan án. Lọ́nà méjèèjì, kíkorò ni yóò jẹ́. Mo wo ọ̀pá tí wọ́n fi ń fẹ́ ooru sínú wàrà: wàrà àná ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó ti pọ́n. Jọ́ọ̀gì wàrà kan náà ni wọ́n ń dá padà sábẹ́ ooru fún oníbàárà mẹ́ta tẹ̀léra, bẹ́ẹ̀ wàrà tó bá ti gbóná kọjá 70 máa ń pàdánù adùn rẹ̀, á sì máa rùn bí ẹyin bíbọ̀. Lẹ́yìn náà mo ka bí kọfí ṣe ń kán sínú ife. Kọfí ẹ̀rọ tó péye, tí wọ́n fi nǹkan bíi gíráàmù 18 ṣe, máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30 kó tó kún ife kékeré, á sì máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tiwọn kò tó ìṣẹ́jú àáyá 12, ó ń tú yàà. Omi kàn gba àárín rẹ̀ kọjá ni, kò rí nǹkan kan yọ níbẹ̀ àfi kíkan àti kíkorò.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ká kọjá. Wọ́n ní, “Ìwọ nìkan lo rí gbogbo èyí? Ìlà yìí ńkọ́, ṣé wọn ò lójú ni?” Mo dá wọn lóhùn pé àkókò ni kò sí lọ́wọ́ àwọn yẹn, àwa sì ní díẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ọmọbìnrin kan jókòó lórí àpótí kúkúrú, ó wọ aṣọ òwú funfun tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí etí rẹ̀. Wọ́n tẹ́ koríko tútù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tábìlì rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, àwọn ife kéékèèké tí kò ní ọwọ́ sì tò lé e lórí. Jẹbẹ́nà rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́: ìkòkò amọ̀ dúdú tí ìdí rẹ̀ rí roboto, tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ó ní ọwọ́ àti ẹnu. Báyìí ni wọ́n ń ṣe kọfí nílé jákèjádò Ethiópíà. Nílé, iná èédú ni wọ́n ń lò, wọ́n á sun tùràrí sí i, gbogbo rẹ̀ á gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, aládùúgbò á sì yà wọlé. Níbi tí a wà yìí, iná mànàmáná ni, ẹ̀rọ kékeré ló sì ń lọ kóró dípò odó. Èyí tó ṣe kókó kò yí padà: kóró náà wà ní tútù nínú àwo nígbà tí a débẹ̀, kò tíì fojú kan iná.

Mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá yóò pẹ́. Ó wo aago, ó ní rárá, pé a ó ti mu ún tán kí aago mẹ́rin ààbọ̀ tó lù.

“Aago mẹ́rin kẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. “Àárọ̀ ọ̀la? Ó yá, jẹ́ ká lọ.”

Mo fà wọ́n jókòó. Àwọn ará Ethiópíà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá ṣú. Aago méje alẹ́ tiwa ni aago kan òru tiwọn, nítorí náà aago mẹ́rin ààbọ̀ tó wí jẹ́ aago mẹ́wàá ààbọ̀ tiwa. Ìwé ìwọlé bàálù àti pátákó pápákọ̀ òfurufú kò lo ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń fi í sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ń pààrọ̀ bàálù níbẹ̀ yóò ṣe dáadáa tó bá máa béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé aago ta ni. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ bá ìṣirò wa mu régí.

Ó da omi sí kóró náà, ó fọ̀ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó dà á sínú páànù pẹlẹbẹ. Iṣẹ́ mi nìyí, mo sì wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọlọ́wọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò fi ojú kúrò lára páànù, kò sì jẹ́ kí kóró kankan sùn síbì kan. Àwọ̀ ewé rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí lọ, ó di pupa rúsúrúsú bí ẹ̀pà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jiná, òórùn koríko gbígbẹ jáde. Lẹ́yìn náà ó ṣókùnkùn, èéfín bẹ̀rẹ̀, kóró náà sì ń ta pá, pá, pá. Ìró yẹn ni èmi náà máa ń tẹ́tí sí nídìí ẹ̀rọ ìyankọfí mi, nítorí ó ń sọ pé ooru ti la inú kóró. Ó jẹ́ kó ta tán, ó dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó gbé e kúrò lórí iná kó tó máa yọ epo. Ó wá gbé páànù náà dé iwájú wa, ó fi ọwọ́ fẹ́ èéfín rẹ̀ sí wa lójú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀já orí bo imú, lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra ṣí i.

Mo béèrè ibi tí kóró náà ti wá, ó ní Sídámà ni, ní gúúsù. Ó lọ̀ ọ́, ó dà á sínú omi tó ti ń hó nínú jẹbẹ́nà. Kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde gan-an, ìfófó rẹ̀ ru dé ọrùn ìkòkò, ó gbé e sókè kúrò lórí iná, ó dá a padà. Àwa tí a ń lo ẹ̀rọ máa ń fi kọfí sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí a bá yan án tán, nítorí afẹ́fẹ́ yẹn máa ń dí omi lọ́nà. Nínú jẹbẹ́nà, kọfí àti omi jọ ń hó fún ìgbà díẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì bá ọrùn ìkòkò jáde. Ibi gíga tí Addis wà náà ń ṣe é lóore: omi tó ń hó ní 92 kò le koko mọ́ kọfí bí omi Èkó tó ń hó ní 100. Ó wá dá jẹbẹ́nà náà dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí gèdègédè rẹ̀ lè sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo aago lásìkò yìí. Ẹni tí ojú ń kán á fẹ́ kó máa dà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dà á nígbà yẹn yóò mu gèdègédè.

Láti òkè ló ti dà á, okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹnu ìkòkò dé inú ife, kò sì já títí ife méjèèjì fi kún. Ó gbé gúgúrú tì í, àti ṣúgà.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè wàrà. Kò sí. Wọ́n fi ṣúgà ṣíbí kan sí i, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wò mí, wọ́n tún tọ́ ọ wò. “Kò korò,” ni wọ́n wí. Ohun tí mo ti ń sọ fún wọn láti ọdún yìí wá nìyẹn: kíkorò tí wọ́n mọ̀ mọ́ kọfí, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ti yíyan àyanjù àti ti pípẹ́ nínú ọ̀rá. Tèmi kò ní ṣúgà. Òórùn òdòdó ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì nípọn lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí kọfí tí wọn kò fi bébà sẹ́ ṣe máa ń nípọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń da omi sórí kọfí kan náà nínú jẹbẹ́nà. Abol ni wọ́n ń pe àkọ́kọ́, tona ni ìkejì, baraka ni ìkẹta, ìkọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́lẹ́ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nílé, kì í ṣe ìwà ọmọlúwàbí kí àlejò dìde kí ìkẹta tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ìkejì. Mo ní kí wọ́n má mu ún. Tí kafíìnì bá wọ ara, ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá la fẹ́ lò lókè, ọ̀sán la ó balẹ̀ ní Guangzhou, ọjà sì ń dúró dè wọ́n. Ife kékeré kan tó fún orí tó ń fọ́. Kóró àrábíkà ni tibẹ̀, kafíìnì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ti rọ̀bọ́sítà, irú kóró kọfí mìíràn tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọfí ọ̀rá tí wọ́n ń mu ní Èkó. Síbẹ̀ ife méjì lóru pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ sùn. Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá ó máa ń dùn ún bí èrò bá dìde lẹ́yìn abol. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàálù kì í dúró de baraka.

Dọ́là la san, ṣéńjì wá ní birr, owó Ethiópíà.

Nígbà tí a dé géètì, aago mọ́kànlá kò tíì lù. Ẹ̀gbọ́n mi ní orí náà ti ń fúyẹ́. Ó bá bí kafíìnì ṣe ń ṣe mu, torí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri nínú bàálù, kò sí orí fífọ́ mọ́. Oorun kò tètè dé. Wọ́n lajú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa iná, wọ́n sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ lójú fèrèsé. Kọfí tún dé ní àárọ̀. Omi ni wọ́n gbà.

Ẹnì kan yóò bi mí pé bí kò bá sí jẹbẹ́nà ńkọ́, ṣebí kì í ṣe gbogbo ayé ni Bole. Màá wá ibi tí wọ́n bá ti ń lọ kóró lójú mi, tí kóró náà kò yọ epo, màá sì ra kọfí dúdú kékeré láìsí wàrà, nítorí wàrà ni ó ń gba àkókò jù, òun ni wọ́n sì fi ń bo kọfí burúkú mọ́lẹ̀. Bí gbogbo wọn bá burú, fúláásìkì òfìfo kò lófin nínú. Ẹni tó bá gbé e kọjá ibi àyẹ̀wò lè gba omi gbígbóná lódì kejì, kó fi kọfí lílọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà kó má di lílọ̀ rẹpẹtẹ sínú àpò ọwọ́, nítorí láti 2018 ni wọ́n ti ń fi ojú pàtàkì wo ohun lílọ̀ tó bá ju mílílítà 350 lọ. Kóró odindi ni kó rà.

Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo èyí ni tilé. Ethiópíà ni ó ń kó kọfí jù ní Áfíríkà, wọ́n sì ń mu nǹkan bíi ìdajì rẹ̀ fúnra wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé lójoojúmọ́ ni wọ́n gbé wá sí pápákọ̀ òfurufú, ìdí nìyẹn tí ó fi dára. Àwa náà ní kọfí. Rọ̀bọ́sítà wà ní Èkìtì àti ní agbègbè Kàbà, àrábíkà wà lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn láti 1964 sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọfí pẹ̀lú. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, gbogbo kọfí tí mo rí ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, inú ọ̀rá ló ti jáde. Páànù kan, iná kan, ẹni kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń yan án, àti kóró láti Kàbà: ìwọ̀nyí kò wọ́n. Mo ti ń bá àwọn kan sọ ọ́, mi ò sì ní yéé sọ ọ́.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti yí ètò wọn padà. Wọ́n ń mu kọfí wọn nílé kí wọ́n tó jáde, bó ti wù kí ojú ọjọ́ ṣókùnkùn tó. Tí wọ́n bá sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Guangzhou báyìí, wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó ń bá wọn gé e pé kó fi wákàtí mẹ́ta ó kéré tán sílẹ̀ ní Bole.